Gbígbé Epo Bẹntiróòlù Dání Nínú Ọkọ̀ Jíìpù: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Awakọ̀ àti Èrò Ọkọ̀ Mọ̀

Bí ẹ bá ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ jíìpù tí ó ń múra ọ̀nà jíjìn, ẹ ó rí táyà ìpààrọ̀, jáàkì, omi mímu àti ẹrù àwọn èrò ọkọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó tún rí kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù kan tàbí méjì tí wọ́n fi ọ̀rá dì lẹ́nu. Kẹ́ẹ̀gì yìí ni ẹ̀kọ́ ìlera wa ti òní dá lé lórí. Àwọn kan lè béèrè pé kí ni ó kan ìlera nínú ọ̀rọ̀ epo ọkọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹni tí bẹntiróòlù bá jó kì í lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ń gbé e lọ, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ń gbé ẹni tí ó fi ẹnu fa epo lọ nígbà tí èémí rẹ̀ kò bá já geere mọ́.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ń gbé epo dání ni ó ń ṣe àṣejù. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí àwọn abúlé tí kò sí ilé epo ní ìtòsí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùṣọ́ igbó àti àwọn onímọ̀ ẹranko tí ń wọ inú ọgbà Gashaka-Gumti, èyí tí ó tóbi jù lọ nínú àwọn ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀, ní àárín ìpínlẹ̀ Taraba àti Adamawa, níbi tí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò bá yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ti lè lọ jìnnà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wa ni àwọn tí ń ra epo jẹnẹrétọ̀, tàbí tí ọ̀wọ́n epo ti kọ́ ní ọgbọ́n ìfipamọ́. Láti ìgbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde òpin ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó lítà kan sì ti kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ìlú kí ọdún 2024 tó parí, ẹni tí ó bá rí epo níbi tí owó rẹ̀ ti dín díẹ̀ máa ń fẹ́ rà á kún nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí ọ̀rọ̀ òfin bẹ̀rẹ̀, nítorí kò gùn. Àjọ DPR ní ìgbà tirẹ̀, àti àjọ NMDPRA tí ó gba ipò rẹ̀ lẹ́yìn òfin epo rọ̀bì ti ọdún 2021, ti kìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà fún àwọn ilé epo pé kí wọ́n má ṣe rọ bẹntiróòlù sínú kẹ́ẹ̀gì, pàápàá ní àsìkò ọ̀wọ́n epo. Ní agbègbè tí ètò ààbò kò ti fararọ, àwọn agbófinró lè dá ọkọ̀ tí ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo dúró. Nítorí náà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ mú epo dání wá gbọdọ̀ ti ṣe ìwádìí ohun tí ìjọba ìpínlẹ̀ tí ó ń lọ fi àyè gbà kí ó tó kúrò nílé.

Epo kan kò jọ epo kan

Èdè wa pe ohun tí a fi ń se ọbẹ̀ ní epo, ó sì pe ohun tí a fi ń wa ọkọ̀ ní epo. Kò sí àléébù nínú èyí gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ìjọra orúkọ náà ti wọ inú ìwà wa. Kẹ́ẹ̀gì tí a fi gbé epo pupa wá láti oko ni a ń fọ̀ tí a fi ń ra bẹntiróòlù. Ibi tí a ń gbé epo pupa sí nínú ọkọ̀ náà ni a ń gbé e sí. Epo pupa a máa jókòó jẹ́ẹ́ sínú ohun tí a bá dà á sí. Bẹntiróòlù kì í jókòó. Láti ìgbà tí a bá ti ṣí i ni ó ti ń di afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ yìí gan-an ni ó sì ń gbiná. Epo tí ojú wa ń rí nínú kẹ́ẹ̀gì kò jó rí. Ohun tí ń jó ni èyí tí ó ti fò kúrò lójú rẹ̀, tí imú ń gbóòórùn rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ojú kò rí.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn epo mẹ́ta tí a mọ̀. Dísẹ́ẹ̀lì sábà máa ń nílò ooru tí ó ju ìwọ̀n 50 Sẹ́ńtígíréèdì lọ kí afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára rẹ̀ tó lè gbiná. Ti kẹrosíìnì bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 38. Bẹntiróòlù kò dúró de ooru rárá: ní nǹkan bí ìwọ̀n 40 nísàlẹ̀ òdo, ní ibi tí omi ti di yìnyín tipẹ́tipẹ́, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti tó láti gbiná. Èyí ni pé kò sí wákàtí kan ní ọ̀sán tàbí ní òru, ní ìgbà òjò tàbí ní ìgbà ọyẹ́, tí bẹntiróòlù kò ṣe tán láti jó ní ilẹ̀ wa. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń lo dísẹ́ẹ̀lì bọ́ nínú apá tí ó pọ̀ nínú ewu tí a ń sọ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ẹrù àti fífi ẹnu fa epo kan òun náà.

Afẹ́fẹ́ bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Kì í gòkè bí èéfín; ilẹ̀ ni ó ń rìn bí omi, tí ó ń wọ abẹ́ ìjókòó, tí ó ń ṣàn lọ sínú gọ́tà, títí yóò fi kan iná níbì kan. Iná náà lè jẹ́ ààrò ẹlẹ́ran súyà, ó lè jẹ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Bí ó bá ti kàn án, iná yóò gba ojú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ náà gbà wá padà sí ọ̀dọ̀ kẹ́ẹ̀gì kí ènìyàn tó ṣẹ́jú.

Àwọn kan máa ń fọ́nnu pé àwọn ti mu sìgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì epo rí tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n lè máa sọ, ìdí rẹ̀ sì wà. Afẹ́fẹ́ bẹntiróòlù kì í gbiná àfi bí ó bá jẹ́ nǹkan bí ìdá 1.4 sí ìdá 7.6 nínú 100 afẹ́fẹ́ tí ó wà níbẹ̀. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kò ní jó. Bí ó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, kò ní jó. Ẹni tí ó mu sìgá náà wà ní apá ibi tí kò tó tàbí tí ó pọ̀ jù ní ọjọ́ náà, kò sì sí ohun èlò kankan lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó fi mọ̀. Ìdí kan náà yìí ni kẹ́ẹ̀gì tí a ti da epo inú rẹ̀ tán, tí a ń pè ní òfìfo, fi lè burú ju èyí tí ó kún lọ. Ìṣẹ́kù epo tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ àti atẹ́gùn tí ó wọlé ti dàpọ̀ dé ìwọ̀n tí iná ń fẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo padà sínú ọkọ̀ láàárín àwọn ọmọ nítorí pé epo ti tán nínú rẹ̀.

Jíìpù jẹ́ yàrá kan ṣoṣo

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ gan-an nìyí. Ọkọ̀ kékeré tí bọ́ọ̀tù rẹ̀ dá wà ní ohun kan tí ó dínà díẹ̀ láàárín ẹrù àti ènìyàn, bí kò tilẹ̀ tó láti dí afẹ́fẹ́ epo mọ́bẹ̀. Nínú jíìpù, kò sí nǹkan kan. Ibi tí a ń kó ẹrù sí àti ibi tí a jókòó sí jẹ́ yàrá kan ṣoṣo, a sì sábà máa ń kó àwọn ọmọdé sí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, èyí tí ó sún mọ́ kẹ́ẹ̀gì jù. Bí a bá wá ti gíláàsì, tí a tan ẹ̀rọ amúlétutù, tí ẹ̀rọ náà sì ń yí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ kan náà ká, gbogbo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ni yóò máa mí bẹntiróòlù sínú.

Lákọ̀ọ́kọ́, yóò jọ orí fífọ́ lásán. Lẹ́yìn náà ni òòyì, èébì, ojú títa àti oorun tí kò yẹ. Imú pàápàá a máa tan ni, nítorí pé lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ kì í gbóòórùn ohun tí ó ti mọ́ ọn lára mọ́. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọkọ̀ ni yóò pariwo pé epo ń rùn, àwọn tí ó ti wà níbẹ̀ láti wákàtí méjì yóò sọ pé àwọn kò gbọ́ nǹkan kan. Awakọ̀ tí òòyì ń kọ́ ní ọ̀nà márosẹ̀ ti di ewu fún àwọn mìíràn tí kò gbé epo rárá. Ní ti ọjọ́ pípẹ́, bẹntiróòlù ní èròjà kan tí ń jẹ́ bẹńsíìnì nínú, èyí tí àjọ tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Mùdùnmúdùn inú egungun, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ni ó ń bà jẹ́. Ìrìn àjò kan kò ní fa èyí, ṣùgbọ́n awakọ̀ ilé iṣẹ́ tí ń gbé kẹ́ẹ̀gì sẹ́yìn ara rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sí ní ipò kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan.

Ní ti iná, inú jíìpù kún fún ohun tí ó lè ṣẹ́ iná wínníwínní láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣá ìṣáná: bọ́tìnnì fáànù, ẹ̀rọ tí ń ti ilẹ̀kùn, okùn tí a fi ń gba iná sínú fóònù. Bí a bá gbé ọkọ̀ náà sí oòrùn pẹ̀lú gíláàsì títì, ooru inú rẹ̀ lè fi 20 Sẹ́ńtígíréèdì ju ti ìta lọ, bẹntiróòlù a sì máa wú bí ó ti ń gbóná. Lítà 20 tí ooru rẹ̀ bá fi ìwọ̀n 20 lọ sókè yóò fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá méjì nínú lítà márùn-ún, èyí tí ó ju ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kékeré kan lọ. Bí a bá ti rọ kẹ́ẹ̀gì náà kún dé ẹnu, níbo ni èyí yóò gbà? Ẹnu kẹ́ẹ̀gì ni, sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó bá rí irú èyí nígbà tí ó padà dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tan ọkọ̀. Kí ó ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, kí ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà sílẹ̀, kí ó sì dúró títí òórùn náà yóò fi lọ.

Agolo tí ó yẹ epo

Kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ òféèfèé tí òróró fi ń wá sí ọjà, tí ó ń gba lítà 25, ni ọ̀pọ̀ wa ń lò. Wọn kò ṣe é fún bẹntiróòlù. Ìdérí rẹ̀ kò ní rọ́bà tí ń dí afẹ́fẹ́, èyí ni a ṣe ń fi ọ̀rá dì í. Díẹ̀díẹ̀ ni bẹntiróòlù ń gba ara ike náà jáde. Oòrùn sì ń sọ ọ́ di ohun tí ó lè sán nígbà tí ó bá ṣubú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan ti ọdún 2014 sọ pé agolo ike tí a fi ń gbé bẹntiróòlù kò gbọdọ̀ ju lítà 10 lọ, ti irin kò sì gbọdọ̀ ju lítà 20 lọ. Ẹ fi wé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tiwa.

Agolo irin lítà 20 tí a mọ̀ sí jẹ́ríkáànù ní ìtàn tí ó yẹ ní mímọ̀, nítorí pé ìtàn náà ṣàlàyé ìdí tí a fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìparí ọdún 1930 sí 1939 ni àwọn ọmọ ogun Jámánì ṣe é. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì dé aṣálẹ̀ Àríwá Áfíríkà, agolo páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ń kó epo, ó sì ń jò débi pé epo púpọ̀ ń ṣòfò sínú iyanrìn kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Nígbà tí wọ́n gba agolo àwọn ará Jámánì lójú ogun, wọn kò fi sílẹ̀ mọ́, wọ́n ṣe irú rẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà náà ṣe tiwọn, agolo náà sì di ohun tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn jíìpù ológun. Inagijẹ tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ ogun Jámánì, Jerry, ni ó wà nínú orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Ọwọ́ mẹ́ta ni agolo náà ní lórí, kí ẹnì kan lè fi ọwọ́ kan gbé òfìfo méjì, kí ènìyàn méjì sì lè jọ gbé èyí tí ó kún. Ìdérí rẹ̀ kì í sọnù nítorí pé ara agolo ni ó wà. Irin ni a fi ń há a mọ́ rọ́bà, kò nílò ọ̀rá. Wọ́n tẹ ara rẹ̀ wọlé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ó lè wú láìya. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé wọ́n ṣe ọrùn rẹ̀ lọ́nà tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ yóò fi máa ṣẹ́kù lókè bí a bá tilẹ̀ rọ ọ́ dé ibi tí ó yẹ, èyí tí ó jẹ́ àyè fún wíwú tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra agolo, ìbáà ṣe ti irin tàbí ti ike tí a ṣe fún epo, kí ó wo ara rẹ̀ fún àmì àṣẹ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú UN, kí ó sì tẹ rọ́bà ìdérí rẹ̀ wò bóyá kò tíì gbẹ. Kí ó má sì ṣe rọ kẹrosíìnì sínú agolo tí ó ti gba bẹntiróòlù rí. Ìṣẹ́kù díẹ̀ tí ó dàpọ̀ mọ́ kẹrosíìnì tó láti sọ sítóòfù àti àtùpà di ohun tí ń bú gbàmù mọ́ ìyàwó ilé lójú.

Rírọ epo ní ilé epo

Ní ìgbà ọyẹ́, bí a bá ń bọ́ ẹ̀wù lóru, a máa ń gbọ́ tí ó ń ta pá-pá-pá, a tilẹ̀ máa ń rí iná wínníwínní rẹ̀ nínú òkùnkùn. Irú iná bẹ́ẹ̀ ni epo tí ń sáré nínú rọ́bà páǹpù ń kó jọ. Bí agolo bá wà lórí ilẹ̀, iná náà yóò gba ara agolo wọ inú ilẹ̀ lọ. Bí agolo bá wà lórí kápẹ́ẹ̀tì jíìpù, tàbí lórí ike tí a fi tẹ́ ẹ̀yìn Hilux, kò rí ọ̀nà lọ. Yóò máa pọ̀ sí i títí yóò fi fò láti ara agolo sí ẹnu páǹpù, ní ibi tí afẹ́fẹ́ epo pọ̀ sí jù. Àjọ NIOSH ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ń rí sí ìlera àwọn òṣìṣẹ́, ṣe ìkìlọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1998 lẹ́yìn tí irú iná bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ń rọ agolo lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù.

Nítorí náà, ẹ gbé agolo sílẹ̀ kí wọ́n tó rọ epo sí i, bí ó ti wù kí ẹni tí ń rọ epo ṣe kánjú tó. Ẹ jẹ́ kí irin ẹnu páǹpù fara kan ẹnu agolo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ ní kí wọ́n rọra rọ ọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ó kún dé ẹnu. Kí gbogbo ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kí ẹ́ńjìnnì kú. Ẹ ti ìdérí, ẹ nu ara agolo, ẹ dojú rẹ̀ dé díẹ̀ wò bóyá ó ń jò, kí ẹ tó gbé e.

Ibi tí a ó gbé e sí

Kò sí ibì kan lára ọkọ̀ tí kò ní àléébù tirẹ̀. Orí ọkọ̀ dára nítorí atẹ́gùn, ṣùgbọ́n agolo lítà 20 kan tí ó kún wúwo tó nǹkan bí kílò 20. Bí a bá gbé mẹ́ta tàbí mẹ́rin sókè, jíìpù tí ó ti ga tẹ́lẹ̀ yóò fẹ́ dojú dé ní kọ́nà. Ìwé tí ó bá ọkọ̀ wá máa ń sọ ìwọ̀n ẹrù tí òrùlé lè gbé, ó sì máa ń kéré ju bí a ti rò lọ. Irin tí wọ́n ń kàn mọ́ ẹ̀yìn jíìpù, tí a máa ń rí nínú fọ́tò àwọn tí ń la aṣálẹ̀ kọjá, wuni lójú. Ṣùgbọ́n ní ọ̀nà tiwa, níbi tí tírélà ti ń bọ̀ lẹ́yìn tí a kò mọ bí búréèkì rẹ̀ ti rí, ó dà bí ẹni fi ìkòkò epo ṣe àyà de ìkọlù. Nísàlẹ̀, sàlẹ́ńsà tún ń gbóná.

Ní èrò tiwa, ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ bíi Hilux ni ó rọrùn fún jù: kí ó to agolo sí ẹ̀yìn tí ó ṣí sílẹ̀, kí ó fi ẹ̀yìn agolo ti ògiri ilé awakọ̀, kí ó fi okùn tí ó nípọn dè é ní òró, kí ìdérí wà lókè, kí ó sì fi aṣọ ṣíji bò ó fún oòrùn láìdí atẹ́gùn mọ́ ọn. Ẹni tí ó ní jíìpù gbé agolo kan tàbí méjì sí àárín orí ọkọ̀, kí ó sì dín eré kù. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé e lọ sí aginjù nígbà gbogbo kò gbọdọ̀ máa bá agolo yí. Táńkì kejì tí onímọ̀ ṣe sábẹ́ ọkọ̀ ni ó tọ́ sí i.

Kí a tó dé orí gbogbo èyí, ó yẹ kí a ṣírò bóyá a nílò epo náà rárá. Bí táńkì bá gba lítà 80, tí ọkọ̀ sì ń jẹ lítà 14 ní 100 kìlómítà, yóò rìn ju 550 kìlómítà lọ. Ní ọ̀nà ẹrẹ̀ tàbí iyanrìn, epo tí ó ń jẹ lè fi ìdajì pọ̀ sí i, yóò sì tó nǹkan bí 380 kìlómítà. Ẹ ka iye kìlómítà àlọ àti àbọ̀ láti ilé epo tí ó kẹ́yìn, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin kún un fún ọ̀nà tí a ṣì. Ọ̀pọ̀ ìrìn àjò tí a ti gbé lítà 50 dání ni kò nílò ju kí a rọ táńkì kún ní ìlú tí ó kẹ́yìn.

Bí ẹ bá sì gbé e, ẹ má ṣe tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí táńkì yóò gbẹ. Nígbà tí àyè lítà 20 bá ti wà nínú táńkì, ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ fi àrọ dà á sí i ní ojúmọmọ. Inú táńkì ni epo ti wà ní ààbò jù. Ìgbà tí a ń da epo láti inú ohun kan sí òmíràn ni ewu rẹ̀ máa ń ga jù. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ilé ìkópamọ́ bẹntiróòlù fàyàwọ́ kan gbiná ní Sèmè-Kraké ní orílẹ̀-èdè Benin, lẹ́bàá ẹnubodè Nàìjíríà, nígbà tí wọ́n ń já epo. Ó kéré tán, ènìyàn 34 ni ó kú.

Fífi ẹnu fa epo

Àṣà yìí wọ́pọ̀ débi pé a kì í kà á sí ewu. Bẹntiróòlù ṣàn ju omi lọ. Bí ó bá dé ẹnu, ó lè yà sí ọ̀nà èémí dípò ọ̀nà oúnjẹ, ìwọ̀nba díẹ̀ tí kò kún ṣíbí ìmutí sì tó láti mú kí ẹ̀dọ̀fóró wú. Ẹ lo páǹpù ọwọ́ tí wọ́n ń tà níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ọkọ̀. Owó rẹ̀ kò tó owó ọjọ́ kan ní ilé ìwòsàn.

Bí ẹnì kan bá gbé epo mì, ẹ má ṣe mú kí ó bì í, nítorí ìgbà tí ó bá ń bọ̀ lókè ni ó tún lè rí ẹ̀dọ̀fóró wọ̀. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì. Epo pupa tí àwọn àgbà ń lò fún ẹni tí ó jẹ májèlé a máa ru èébì sókè, èyí gan-an ni a kò fẹ́ níhìn-ín. Ẹ bọ́ aṣọ tí epo bá ta sí, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ara rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá ń wúkọ́, tí èémí rẹ̀ ń yára, tí oorun sì ń kùn ún, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ọ̀la. Bí kò tilẹ̀ sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí, àwọn dókítà yóò fẹ́ ṣọ́ ọ fún bíi wákàtí mẹ́fà, nítorí pé àyà lè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lẹ́yìn tí ara bá ti jọ pé ó yá.

Bí iná bá ṣẹlẹ̀

Kí gbogbo ènìyàn bọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú ẹrù. Omi kì í pa iná bẹntiróòlù. Orí omi ni epo náà ń léfòó sí, omi yóò sì gbé iná náà kiri. Ẹ̀rọ ìpaná onílúbúlúbú tàbí iyanrìn ni a ń lò, ibi tí ọwọ́ awakọ̀ ti lè tètè tó o ni ẹ̀rọ náà sì yẹ kó wà. Kò yẹ kó wà lábẹ́ àwọn agolo.

Ẹni tí aṣọ rẹ̀ ń jó kò gbọdọ̀ sáré. Kí ó dùbúlẹ̀, kí ó fi ọwọ́ bojú, kí ó máa yí gbirigbiri, tàbí kí ẹlòmíràn fi aṣọ òwú tí ó nípọn bò ó. Nígbà tí iná bá kú, ẹ bọ́ aṣọ tí kò lẹ̀ mọ́ ara, ẹ bọ́ òrùka àti aago kí ibẹ̀ tó wú. Ẹ jẹ́ kí omi tútù lásán máa ṣàn sí ojú iná náà fún 20 ìṣẹ́jú gbáko, ẹ má sì jẹ́ kí ìyókù ara rẹ̀ tutù jù, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọmọdé. Kódà lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta tí ó ti jóná, omi yìí ṣì wúlò. Kì í ṣe omi yìnyín. Ògì, ẹyin tútù, àdín, òrí, iyọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Wọ́n ń há ooru mọ́ ara, wọ́n ń kó kòkòrò àrùn wọlé, nọ́ọ̀sì yóò sì tún máa họ wọ́n kúrò lójú egbò kí dókítà tó rí i. Lẹ́yìn omi, ẹ tẹ́ ọ̀rá mímọ́ tí a fi ń wé oúnjẹ lé e láìfún un, tàbí aṣọ funfun tí ó mọ́.

Ẹni tí iná bá ká mọ́ inú ọkọ̀ lè bọ́ jáde pẹ̀lú egbò díẹ̀, kí ó máa rìn, kí ó máa sọ̀rọ̀. Ẹ wo imú rẹ̀ bóyá irun ibẹ̀ jóná tàbí ó ní èédú, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ bóyá ó ti há. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá wà, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti jó nínú, ó sì lè wú pa láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ má ṣe dúró de ọkọ̀ tí yóò fà yín. Ẹ pe 112, tàbí 122 tí í ṣe ti àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, kí ẹ sì máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ jù ní ìjókòó, kì í ṣe ní ìdùbúlẹ̀.